Ìwé Pélébé Ara Ìgò

"Ẹ dìde, ẹ lọ mú un," ni obìnrin náà wí.

Akọ̀wé tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà wò ó bíi pé kò gbọ́ ọ dáadáa. Ìwé tó ní kó lọ mú náà ti jáde, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò sì jìnnà sí i ju kó na ọwọ́ lọ. Ó ní ṣebí àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ rí i nígbà tó ń jáde, kí ló tún kù?

"Ó ku kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín mú un, kẹ́ ẹ sì ka ohun tó wà níbẹ̀ sí mi létí."

Akọ̀wé náà mí kanlẹ̀, ó dìde, ó mú ìwé, ó kà á. Obìnrin náà mi orí, ó kó wáyà rẹ̀, ó kọjá sí yàrá tó kàn. Ọmọbìnrin tó gbé àpò irinṣẹ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn wo aago ara ògiri. Bí wọ́n bá ń bá a lọ báyìí, ilẹ̀ á ṣú kí wọ́n tó kúrò nílé ìwòsàn yìí.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọ náà nílé àti nílé ìwé, torí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni obìnrin tó ń bá ṣiṣẹ́. Àǹtí ni òun ń pè é, ṣùgbọ́n Ìyá Pírńtà ni gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí, nítorí pé kò sí ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti yọnu tí wọn kì í ránṣẹ́ pè é. Àsìkò ìsinmi ni, ìsinmi tó kẹ́yìn kí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó wọ kíláàsì àṣejáde. Ìyá rẹ̀ ló ní kó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Àǹtí, kó má baà fi gbogbo ìsinmi dojú bo fóònù.

Iṣẹ́ ilé ìwòsàn yìí kì í ṣe kékeré. Tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà kálukú ló ń dá ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Nísinsìnyí, wọ́n ti kó gbogbo iṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà àgbà kan tó wà ní yàrá òkè, tí wọ́n máa ń tì pa. Àwọn tó wà lórí tábìlì àwọn òṣìṣẹ́ ti di fèrèsé lásán: ojú wọn lèèyàn ti ń wo iṣẹ́, inú kọ̀ǹpútà àgbà ni iṣẹ́ wà. Bí ẹnì kan bá ní kí ìwé jáde, kọ̀ǹpútà àgbà ló ń rán an lọ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà àgbà kò ríran. Kò mọ yàrá tí o wà, kò mọ ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ sọ fún un pé lágbájá rèé, ẹ̀rọ báyìí ni tirẹ̀, má rán iṣẹ́ rẹ̀ síbòmíràn.

Ìdí nìyẹn tí Àǹtí fi ń lọ láti ìjókòó dé ìjókòó. Á ní kí òṣìṣẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ wọlé, á so ẹ̀rọ kan ṣoṣo mọ́ orúkọ náà, á yọ àwọn yòókù kúrò níbẹ̀, á wá ní kí ẹni náà tẹ ìwé kan, kó sì dìde lọ mú un. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ọkùnrin tó ń pín oògùn fún àwọn àgbàlagbà, tí gbogbo wọn ń pè ní Bọ̀dá Alápàárá, yọjú láti yàrá tirẹ̀, ó bi í bóyá tó bá kan òun, kí òun mú ìwé náà lọ fi han ìyàwó òun nílé kó tó gbà pé ó jáde. Àǹtí ní bí ìyàwó rẹ̀ bá mọ̀wé kà, kò burú.

Ó ku yàrá oògùn méjèèjì, ti àgbàlagbà àti ti ọmọdé, nígbà tí fóònù Àǹtí dún. Ọ́fíìsì lọ́yà kan ló ń pè é. Ìwé ẹjọ́ wọn ti há sínú ẹ̀rọ, adájọ́ sì ń dúró dè wọ́n. Àǹtí wo Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó wo ilẹ̀kùn. Ó mọ̀ pé ọmọ náà ti gbọ́ iṣẹ́ yìí, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Ó fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá òkè àti ọ̀rọ̀ ìwọlé, ó ní kó ṣe yàrá méjèèjì gẹ́gẹ́ bí òun ṣe ń ṣe é, kó má fo nǹkan kan.

"Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín ń gun igi," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò tíì rìn jìnnà tí fóònù Pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà fi dún. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Gbajúmọ̀ torí pé kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nílé ìwé. Kíláàsì wọn fẹ́ ṣe eré orí ìtàgé, olùkọ́ sì ti dé sílé ìwé lásìkò ìsinmi yìí láti yan àwọn tó máa ṣe é. Ipò tó ga jù nínú eré náà ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ń fojú sí láti ọjọ́ yìí wá. Gbajúmọ̀ ní kò pẹ́ mọ́ tí olùkọ́ máa lọ, ẹni tí kò bá sì sí níbẹ̀ kò sí níbẹ̀ náà nìyẹn. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní òun ò lè fiṣẹ́ sílẹ̀, Àǹtí òun ti ní kí òun ṣe é bí ìgbín tó ń gun igi.

"Kí ìgbín tó gun igi dókè," Gbajúmọ̀ fèsì, "ẹyẹ á ti jẹ èso tán."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sáré wọ yàrá oògùn àwọn ọmọdé. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Màmá Wẹ́wẹ́. Ẹkún ọmọ kún yàrá náà dé àjà. Màmá Wẹ́wẹ́ kò tilẹ̀ gbójú sókè, ó ní òun ò lè dìde lórí ìjókòó báyìí, kó lọ jókòó síta, bí èrò bá fúyẹ́ òun á pè é.

Bí èrò bá fúyẹ́! Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tún wo aago. Ó rántí ohun kan tó rí nínú fídíò lórí fóònù. Ọkùnrin inú fídíò náà ní kò sídìí téèyàn fi ń lọ láti ìjókòó dé ìjókòó, pé ibì kan wà nínú kọ̀ǹpútà àgbà téèyàn ti lè fún gbogbo òṣìṣẹ́ ní gbogbo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gun òkè lọ, ó ṣí yàrá, ó wá ibẹ̀ rí. Wọ́n kọ "gbogbo ènìyàn" síbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò tó ìgbà téèyàn fi ń mu omi tán, iṣẹ́ ti parí.

Nínú àwọn ẹ̀rọ náà, kékeré méjì wà tó jẹ́ ti yàrá oògùn. Ìwé pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò oògùn ni wọ́n ń tẹ̀. Irú kan náà ni wọ́n, ọjọ́ kan náà ni wọ́n rà wọ́n, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Àǹtí ì bá kọ́kọ́ yí orúkọ wọn padà. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò ro ìyẹn. Kò tún ronú pé ẹni tí kò bá fúnra rẹ̀ yan ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà àgbà á bá a yan èyí tó bá wù ú.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó ní kí Bọ̀dá Alápàárá tẹ ìwé kan. Ìwé náà jáde.

"Ṣé kí n dìde?" ni ọkùnrin náà bi í.

"Ẹ jókòó yín jẹ́ẹ́, sà."

Bọ̀dá Alápàárá rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ yìí gbọ́n ju àǹtí rẹ̀ lọ. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ilẹ̀kùn òkè, ó sì sáré lọ sílé ìwé. Ó bá olùkọ́ níbẹ̀. Ipò náà sì bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ń jẹun, Àǹtí bi í bóyá iṣẹ́ parí. Ó ní ó parí. Àǹtí bi í bóyá àwọn méjèèjì fọwọ́ ara wọn mú ìwé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ náà kò ṣòro pa rárá, ohun tó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu nìyẹn. Ó sùn, ṣùgbọ́n oorun náà kò gbé e.

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí rán an padà sílé ìwòsàn láti lọ mú wáyà gígùn kan tí wọ́n gbàgbé. Ó bá èrò lọ́pọ̀lọpọ̀ níbẹ̀. Kò tíì dé ibi tí wáyà wà tí Bọ̀dá Alápàárá fi pè é. Ó ní ẹ̀rọ òun ń ṣèrànrán láti àárọ̀. Òun rán an níṣẹ́, kò jẹ́ ẹ. Òun dákẹ́, ó ń tẹ ohun tí òun ò rán an. Ó mú ìwé pélébé kan láti etí tábìlì, ó nà án sí i.

"Wò ó. Ṣé bàbá tó ga tó òpó iná ni kí n fún ní ìlàjì ṣíbí?"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ka ìwé náà. Oògùn ikọ́ olómi. Ìlàjì ṣíbí kékeré, lálẹ́ nìkan. Ìwé ọmọdé ni.

Oògùn ikọ́ yẹn kan náà ni wọ́n ń fún àgbà àti ọmọdé, ìwọ̀n ló yàtọ̀. Ti àgbà jẹ́ ṣíbí ńlá méjì, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Oògùn tó máa ń kun èèyàn lóorun ni. Orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ sórí ìwé pélébé. Ẹni tó ń pín oògùn ló ń fi bírò kọ orúkọ aláìsàn sí i. Bí ìwé ọmọdé bá wá jáde níhìn-ín, ibo ni ìwé àgbà jáde sí?

Ó béèrè bóyá ó ti lẹ èyíkéyìí mọ́ ìgò. Bọ̀dá Alápàárá ní òun ò yawèrè, òun kà á, òun jù ú síbẹ̀, òun sì fọwọ́ kọ ti bàbá náà. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní kò burú, òun máa tún un ṣe. Ó gun òkè, ó fi kọ́kọ́rọ́ tí kò tíì dá padà fún Àǹtí ṣí yàrá. Ó yọ ohun tó fún gbogbo ènìyàn kúrò. Ó yí orúkọ ẹ̀rọ kékeré méjèèjì padà, ó so ọ̀kan mọ́ Bọ̀dá Alápàárá, ó so èkejì mọ́ Màmá Wẹ́wẹ́. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ìwé ń jáde síbi tó yẹ. Bọ̀dá Alápàárá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kankan.

Ó yọjú wo yàrá àwọn ọmọdé. Màmá Wẹ́wẹ́ tẹ orí ba, ó ń fa ìwé pélébé yọ, ó ń kọ orúkọ sí i, ó ń lẹ̀ ẹ́, ó ń pe ẹni tó kàn. Ó ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣe é, kì í ṣe ojú rẹ̀.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ jáde síta, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ ògiri. Ó pe Gbajúmọ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Gbajúmọ̀ bi í bóyá ó ti tún un ṣe. Ó ní òun ti tún un ṣe. Gbajúmọ̀ ní kí ló wá ń wá kiri mọ́?

"Ó ṣeé ṣe kí ìgò kan ti lọ," Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí.

"Ó ṣeé ṣe kó má lọ náà. Gbọ́, ọ̀rọ̀ tí kò bá tíì jáde lẹ́nu, ìwọ lo ni ín. Tó bá jáde, gbogbo ayé ló ni ín. Àǹtí rẹ ni wọ́n máa lé. Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyẹn?"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ pa fóònù. Ohun tí kò fẹ́ gan-an nìyẹn. Owó ilé ìwé òun, ọwọ́ Àǹtí ló ti ń wá, ilé ìwòsàn yìí sì ni iṣẹ́ tó tóbi jù tí Àǹtí rí gbà lọ́dún náà.

Obìnrin kan dúró lẹ́nu géètì, ó pọn ọmọ, ó so àpò ọ̀rá kékeré kọ́wọ́. Ìgò wà nínú àpò náà. Ó ń na ọwọ́ sí ọkọ̀, ọkọ̀ kò dúró. Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń húkọ́, obìnrin náà ń jó ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti rẹ̀ ẹ́. Nígbà kan ó yíjú, òun àti Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì wo ara wọn. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní nínú ara rẹ̀ pé kí òun dìde, kí òun kàn lọ wo ìgò náà. Ìdí rẹ̀ kò kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé Màmá Wẹ́wẹ́ á ti rí i, pé àgbà òṣìṣẹ́ ni, kò lè má rí i. Ọkọ̀ kan dúró. Obìnrin náà wọlé, ọkọ̀ sì gbéra.

Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà kan wá jókòó ti Pẹ́lẹ́ńgẹ́ pẹ̀lú ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó na ìgò sí i, ó ní ojú òun kò gbé lẹ́tà kékeré mọ́, kó bá òun kà á. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gba ìgò náà bíi pé iná wà lára rẹ̀. Ìlàjì ṣíbí kékeré, lálẹ́ nìkan. Ó mí kanlẹ̀, ó kà á fún un, ó sì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ló wá yé e. Èyí béèrè. Àwọn tó kù kì í béèrè. Ohun tí wọ́n bá kọ sára ìgò ni wọ́n máa fún ọmọ wọn.

Ó dìde.

Ó la àárín èrò kọjá, wọ́n ń bú u pé kó lọ tò sẹ́yìn. Ó dúró níwájú Màmá Wẹ́wẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Èmi ni mo ba ẹ̀rọ jẹ́ lánàá. Ìwé àgbà ti ń jáde lọ́dọ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé ìgò oògùn ikọ́ lọ."

Ọwọ́ Màmá Wẹ́wẹ́ dúró lófuurufú. Ó wo ọmọ náà, ó wá wo ẹ̀rọ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní lóòótọ́, nígbà kan láàárọ̀, òun tẹ ìwé, kò jáde. Òun tún un tẹ̀, méjì sì jáde léra wọn. Òun rò pé tòun méjèèjì ni, òun ò kà wọ́n. Òun lẹ̀ wọ́n mọ́ ìgò ọmọ méjì tó tẹ̀ léra.

Ó dìde, ó pariwo sí gbogbo àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n gbé ìgò wọn wá. Ọ̀kan nínú ìgò méjì náà ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń dúró de abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀. Ṣíbí ńlá méjì, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ló wà lára rẹ̀. Èkejì ti lọ. Ìyá onídìrí kan ló gbé e, èyí tó pọn ọmọ.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò nílò kí wọ́n júwe rẹ̀ fún òun.

Dókítà Àgbà, obìnrin tó ni ilé ìwòsàn, sọ̀kalẹ̀ wá. Wọ́n pe nọ́ńbà onídìrí náà, fóònù rẹ̀ ti kú. Wọ́n pe Àǹtí. Àǹtí gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì ro ẹjọ́ náà fún un níwájú gbogbo èèyàn, kò yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀, kò yọ irọ́ àná pàápàá. Àǹtí ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún ọmọ náà àti Màmá Wẹ́wẹ́.

Màmá Wẹ́wẹ́ mọ ṣọ́ọ̀bù onídìrí náà, ṣùgbọ́n wọ́n bá a ní títì pa. Ọmọ iṣẹ́ kan tó jókòó síwájú rẹ̀ ní ọ̀gá òun ti lọ sílé torí ara ọmọ. Ó júwe ilé. Ọ̀nà náà há, ọkọ̀ mìíràn sì dí i. Àǹtí fi ọkọ̀ sílẹ̀ lójú títì, wọ́n fẹsẹ̀ sáré. Màmá Wẹ́wẹ́ tó sanra ló ṣáájú wọn.

Onídìrí náà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀rín wà lójú rẹ̀ nígbà tó rí Màmá Wẹ́wẹ́. Ó fi ìka sẹ́nu, ó ní kí wọ́n rọra sọ̀rọ̀.

"Oògùn yín mà dára o, Màmá. Ọmọ tí kò sùn láti ìjẹta ti sùn bí òkúta."

Màmá Wẹ́wẹ́ kọjá lára rẹ̀, ó gbé ọmọ náà lórí bẹ́ẹ̀dì. Orí ọmọ ṣubú sẹ́yìn. Ó pe ọmọ náà, ó gbá a lẹ́sẹ̀, ó na etí sí imú rẹ̀. Èémí ń jáde, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ kó tó jáde.

Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn, Dókítà Àgbà gbà á lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyá ọmọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Kò sunkún. Ó ń ká etí aṣọ rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

Nígbà tí Dókítà Àgbà jáde, ó ní àwọn máa dúró tì í, àwọn kò lè sọ nǹkan kan báyìí. Ó kọ́kọ́ kọjú sí Màmá Wẹ́wẹ́, ó ní ojú ló yẹ kó fi lẹ ìwé mọ́ ìgò, kì í ṣe ìka. Màmá Wẹ́wẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá sọ fún Àǹtí pé kó tún gbogbo yàrá ṣe látìbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tó bá parí, kó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá òkè sílẹ̀. Àwọn máa wá ẹlòmíràn. Àǹtí ní ó yé òun.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìjókòó kan tẹ̀ lé èkejì. Lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó ṣẹ̀fẹ̀. Bọ̀dá Alápàárá ti dìde kí wọ́n tó sọ fún un, ó mú ìwé rẹ̀, ó kà á sókè, ohùn rẹ̀ sì há. Láàárín yàrá kan sí èkejì, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń wo ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọmọ náà. Ẹ̀ẹ̀kan ni Àǹtí bá a sọ̀rọ̀.

"Iṣẹ́ tó lọ, mo lè wá òmíràn. Mo bi ọ́ lánàá, o ní bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tí mi ò mọ bí mo ṣe máa tún ṣe nìyẹn."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fẹ́ bẹ̀ ẹ́, Àǹtí ní kó gbé wáyà.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ẹkún sọ nínú yàrá náà. Ẹkún tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bíi ti ológbò, ó sì dákẹ́. Gbogbo wọn dúró. Ó tún sọ, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹkún ọmọ tí ebi ń pa. Ìyá rẹ̀ dìde láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó já wọlé láìdúró de ẹnikẹ́ni. Màmá Wẹ́wẹ́ fara ti ògiri, ó sì bú sẹ́kún.

Dókítà Àgbà ní ọmọ máa yè é, ṣùgbọ́n kí wọ́n sun ibẹ̀ mọ́jú. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró síwájú ilẹ̀kùn títí ìyá ọmọ fi jáde láti bomi mu. Ó kúnlẹ̀. Ó ti ro ọ̀rọ̀ tó máa sọ, ó gùn, ó sì dùn. Kò rí i sọ. Ohun tó jáde kò ju pé òun ló fà á, kó dárí ji òun.

Obìnrin náà wò ó pẹ́.

"Mo mọ̀ ẹ́," ló wí. "Ìwọ lo wà lórí bẹ́ǹṣì. Mo dúró lẹ́nu géètì yẹn títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, ọkọ̀ kò dé. O ń wò mí. Ṣé o ti mọ̀ nígbà yẹn?"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò lè gbójú sókè. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ti mọ̀.

Obìnrin náà kò bú u, kò sì sọ pé òun dárí jì í. Ó mu omi rẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣe eré orí ìtàgé náà nígbà tí ilé ìwé wọlé, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Àǹtí wá wò ó. Ó ti rí iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ mìíràn, ó sì ti gbà kí ọmọ náà máa tẹ̀ lé òun lọ́jọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n kò fún un ní kọ́kọ́rọ́ kankan. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò béèrè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń ka ìtàn yìí, ibi tó yẹ kí ọmọ yìí ti rọra, ó sáré. Ibi tó yẹ kó ti sáré, ó jókòó. Kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe. Ẹ má fi ti ẹni tí wọ́n máa lé àti ẹni tójú máa tì dá ẹnu yín dúró. Àṣìṣe tá a bá sọ nígbà tó ṣì wà lẹ́nu géètì, ẹsẹ̀ la ó fi lé e bá. Èyí tá a bá jẹ́ kó wọkọ̀ lọ, ọmọ ọlọ́mọ ló ń gbà á sára.